Ọgbọ́n Yíyan Ẹ̀rọ Ìpamọ́ Ilé

Ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú àgbà wo ni wọ́n ń ṣe ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ tàbí Emùré lónìí tí wọn kò ní ya fọ́tò àti fídíò rẹ̀? Mo kan sáárá sí àwọn tó mọ ẹ̀rọ tí a fi ń tọ́jú wọn sílé yàn. Wọn kì í sáré ra kọ̀ǹpútà olówó ńlá. Èyí tí ọ́fíìsì kan ti lò tì tó láti pín fáìlì fún gbogbo ará ilé.

Orí díìsìkì ni wọ́n ti ń fara balẹ̀. Díìsìkì CMR, tó ń kọ ìlà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ni wọ́n ń béèrè, kì í ṣe SMR tó ń kọ ìlà kan gun èkejì, tó sì máa ń falẹ̀ bí a bá ń tún àkójọ díìsìkì tó bàjẹ́ ṣe. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ Western Digital tó ń ṣe díìsìkì jẹ́wọ́ pé SMR wà nínú àwọn díìsìkì WD Red rẹ̀ kan, nítorí náà wọ́n ń yẹ nọ́ńbà ara díìsìkì wò kí wọ́n tó sanwó. Wọ́n á so méjì pọ̀ kí ọ̀kan máa da èkejì kọ. Síbẹ̀, fáìlì tí a bá pa rẹ́ á kúrò nínú méjèèjì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé ẹ̀dà kẹta sí ilé ẹbí ní Adó. Ìyẹn wú mi lórí gan-an.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ UPS sílẹ̀, ìyẹn bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ dúró fúngbà díẹ̀ bí iná bá lọ. Iná tó lọ lójijì lè ba fáìlì jẹ́ lẹ́nu kíkọ.