Ìwé Àkọsílẹ̀ Ojoojúmọ́ Nínú Kíláàsì Faransé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Àṣà kan wà tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ èdè Faransé fẹ́ràn láti fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti jókòó tán, olùkọ́ yóò kọ ìbéèrè kan sí ojú pátákó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣí ìwé àkọsílẹ̀ wọn, wọn yóò kọ ọjọ́ àti oṣù, wọn yóò sì fi ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí mẹ́wàá dáhùn ní gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta. Èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé bí ọwọ́ bá ń kọ èdè lójoojúmọ́, èdè náà yóò mọ́ ọn lára. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Èrò náà dára, ṣùgbọ́n ó yẹ ní àyẹ̀wò, pàápàá nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá jẹ́ àgbàlagbà Yorùbá-Nàgó, ará Kétu, Ṣábẹ̀ tàbí Àjàṣẹ́, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n kọ, mọ̀ ọ́n kà ní èdè abínibí rẹ̀.

Célestin Freinet (1896–1966) jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbà tí wọ́n gbé irú iṣẹ́ báyìí ga. Ní abúlé Bar-sur-Loup ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, níbi tí ó ti kọ́ni láti 1920 títí di 1928, ó jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ ohun tí wọ́n fẹ́ nípa ìgbésí ayé wọn. Kíláàsì yóò yan àkọsílẹ̀ kan, gbogbo wọn yóò jùmọ̀ tún un ṣe, wọn yóò sì fi ẹ̀rọ kékeré tẹ̀ ẹ́. Texte libre ni ó pè é. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Freinet ti ń gbọ́ Faransé, wọ́n sì ti ń sọ ọ́, kí wọ́n tó mú kálámù. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò ní irú ìpìlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ fún un pé kí ó kọ ohun tí ó wù ú ń rán an lọ sí odò láìfún un ní igbá.

Ẹ̀rí mìíràn ti Kánádà wá. Ní St. Lambert, ní ìpínlẹ̀ Quebec, láti 1965 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Faransé ṣe èdè ìkọ́ni fún àwọn ọmọ elédè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Merrill Swain kọ̀wé nípa irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1985, ó fi hàn pé wọ́n ń gbọ́ Faransé yékéyéké, ṣùgbọ́n àṣìṣe gírámà ṣì pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń sọ àti èyí tí wọ́n ń kọ, nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n bá ipò pàdé tí ó fi dandan lé e pé kí àwọn fúnra wọn to gbólóhùn. Ẹ̀rí yìí gbe ìwé àkọsílẹ̀ lẹ́sẹ̀. Síbẹ̀, ọdún gbígbọ́ ni ó ṣáájú. Ẹni tí kò tíì gbìn kò lè kórè.

Àbùkù tí ó tóbi jù ni yíyan ìbéèrè. Èyí tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ kà sí ìrọ̀rùn ni: kí ni o ṣe lánàá? Ní Yorùbá, ó rọrùn ní tòótọ́: «Mo lọ sí ọjà. Mo ra iṣu.» Ọ̀rọ̀-ìṣe kò yí padà rárá. Ní Faransé, gbólóhùn kìíní ń fẹ́ être: «Je suis allé au marché», bí ó bá sì jẹ́ obìnrin ni ó ń kọ ọ́, «allée» ni. Gbólóhùn kejì ń fẹ́ avoir: «J'ai acheté de l'igname.» Ìbéèrè kan ṣoṣo ti gbé ìṣòro mẹ́ta lé akẹ́kọ̀ọ́ lórí kí oòrùn tó gbóná. Bí ìbéèrè bá jẹ́ nípa ohun tí ó máa ń ṣe láràárọ̀, «Je prépare la bouillie, je lave les enfants» yóò tó o, nítorí ìparí kan náà ni àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe náà ní.

Àṣìṣe pàápàá ní ìdí tirẹ̀. Ẹni tí ó kọ «La faim me tue» dípò «J'ai faim» kò ya ọ̀lẹ: ebi ni ó ń pa ènìyàn ní Yorùbá. Ẹni tí ó kọ «ils prépare» gbọ́ dáadáa, nítorí ohùn kan náà ni prépare, prépares àti préparent ní. Yorùbá ló sì kọ́ ọ pé ohun tí etí bá gbọ́ ni kí ọwọ́ kọ. Bí olùkọ́ bá fi báírò pupa kun irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń yangàn ni ó ń sọ di ẹ̀bi. Bí kò bá sì kà á rárá, ọjọ́ àti oṣù nìkan ni ìwé náà yóò kù sí.

Ọ̀nà àbáyọ wà láàárín méjèèjì. Ní Los Angeles, olùkọ́ kan, Leslee Reed, máa ń fèsì sí ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ bí ẹni ń dáhùn lẹ́tà, láìṣe àmì sí àṣìṣe. Jana Staton ṣe ìwádìí nípa iṣẹ́ náà ní nǹkan bí 1980. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ «Je allé marché», olùkọ́ lè fèsì pé: «Ah, tu es allée au marché! Et qu'est-ce que tu as acheté?» Gbólóhùn tí ó tọ́ ti wà lójú rẹ̀, ojú kò sì tì í.

Nítorí náà, ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ kì í ṣe ohun ìdánù, kì í sì í ṣe oògùn gbogbo-nìṣe. Kí ẹnu sọ gbólóhùn kí ọwọ́ tó kọ ọ́. Kí ìbéèrè bá gírámà tí wọ́n ti kọ́ mu. Kí olùkọ́ fèsì, kí ó sì mú àṣìṣe kan ṣoṣo lọ sí ojú pátákó lẹ́ẹ̀kan. Àgbàlagbà tí ó ti fi èdè ìyá rẹ̀ jáde kúrò nínú àìmọ̀ọ́kà kò yẹ ní ẹni tí Faransé yóò dá padà síbẹ̀.