Ọ̀rọ̀ Ta Ni Ó Wà Nínú Ìwé Ìrìbọmi? Lámèyítọ́ Ọ̀nà Tí A Fi Ń Tọ Ìran Ẹbí ní Mẹ́síkò

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni bí àwọn tí ó ń tọ ìran ẹbí wọn ní Mẹ́síkò ṣe ń ka ìwé ìrìbọmi ìjọ Àgùdà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé ẹ̀rí pọ́ńbélé ni. Èrò tiwa yàtọ̀. Àlùfáà kan ni ó jókòó tí ó kọ ọ́, ó sì yẹ kí á ṣe lámèyítọ́ rẹ̀ bí a ti ń ṣe fún iṣẹ́ òǹkọ̀wé mìíràn.

A kò sọ pé kí á pa ìwé náà tì. Ìforúkọsílẹ̀ ti ìjọba kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀ títí Juárez fi ṣe òfin rẹ̀ ní 1859. Ẹni tí ó bá fẹ́ wádìí kọjá ìgbà náà sẹ́yìn, ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò gbà.

Àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan kì í gùn: ọjọ́, orúkọ ọmọ, orúkọ òbí, bàbá tàbí ìyá ìsàmì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń dá wàhálà sílẹ̀: español, mestizo, mulato, indio. Ní ọ̀pọ̀ ìjọ, ọ̀tọ̀ ni ìwé àwọn ọmọ Sípéènì, ọ̀tọ̀ ni ti àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn dàpọ̀. Ta ni ó sọ ọ̀rọ̀ yìí? Ọmọ ọwọ́ kò lè sọ ọ́. Nígbà mìíràn òbí ni. Nígbà mìíràn àlùfáà ni ó wo ojú, tí ó wo aṣọ, tí ó sì wo irú ẹni tí ó gbé ọmọ wá. Ìdí nìyí tí a fi ń rí ẹni tí ó jẹ́ mulato nígbà ìrìbọmi, tí ó di mestizo nígbà ìgbéyàwó. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò yí padà. Ipò rẹ̀ ni ó yí.

Ẹ jẹ́ kí á mú José María Morelos, aṣáájú nínú ogun òmìnira Mẹ́síkò, tí a bí ní Valladolid (Morelia òde òní) ní 1765. Español ni ìwé ìrìbọmi pe àwọn òbí rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé ó ní baba ńlá tí ó ti ilẹ̀ Áfíríkà wá. Ẹni tí ó bá ka ìwé náà láìbéèrè ti sin baba ńlá yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Gonzalo Aguirre Beltrán ti lo ìwé àtijọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ti 1946 láti fi hàn pé àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ ní Mẹ́síkò ju bí àwọn ará ìlú náà ti rò lọ. (Àǹgólà ni ọ̀pọ̀ àwọn tí a kó lọ láàrin 1580 sí 1640 ti wá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ tiwa.)

Ní 1822, ìjọba tuntun fòfin de irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nínú ìwé. Òfin náà dára fún alààyè, ṣùgbọ́n ó ti ilẹ̀kùn mọ́ olùwádìí.

Ìwé ìwádìí ìgbéyàwó ni ó wù wá jù. Àlùfáà a bi ọkọ, ìyàwó àti àwọn ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè: níbo ni a bí wọn sí, ṣé ìbátan ni wọ́n? Bí wọ́n bá jẹ́ ìbátan, wọn yóò ka ìran wọn kí wọ́n tó rí àyè gbà, orúkọ àwọn òbí àgbà a sì jáde. Akọ̀wé ni ó fi èdè tirẹ̀ kọ ọ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹnu ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni ó ti kọ́kọ́ jáde. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí español ní iwájú orúkọ baba ńlá rẹ̀, kí ó má tíì pa ìwé dé. Kí ó wá àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ìyá baba náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nínú ìwé kejì pẹ̀lú.