Àríwísí lórí Tíọ́rì Kuznets: Èéfín, Kábọ́ọ̀nù àti Ọrọ̀-Ajé ní Ọ̀tà

Ní ọdún 1991, Grossman àti Krueger ṣe àyẹ̀wò afẹ́fẹ́ àwọn ìlú ńlá. Èrò wọn ni pé ìbàjẹ́ afẹ́fẹ́ a máa pọ̀ sí i bí orílẹ̀-èdè tálákà bá ṣe ń lówó, ṣùgbọ́n tí ọrọ̀ bá dé ìwọ̀n kan, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Orúkọ Kuznets ni a fi ń pe tíọ́rì yìí.

Kùdìẹ̀-kudiẹ rẹ̀ hàn ní Ọ̀tà àti Sàngó-Ọ̀tà. Nítorí pé iná ìjọba kò ṣe é gbára lé, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ibẹ̀ ń lo ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀. Èyí tó bá fi gáàsì inú páìpù rọ́pò epo díísù yóò dín èéfín dúdú kù, ará àdúgbò yóò sì rí èémí mí. Síbẹ̀, kábọ́ọ̀nù ṣì ń jáde. Yorùbá ní èéfín ni ìwà, kò ṣe é bò mọ́lẹ̀. Ti kábọ́ọ̀nù kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ojú kò rí i, imú kò sì gbóòórùn rẹ̀. Ta ni yóò fẹjọ́ ohun tí kò rí sùn?

Ọrọ̀ nìkan kò lè mú ìlérí tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2021 nípa ọdún 2060 ṣẹ, àfi òfin tó múná àti iná tó ṣe é gbára lé. Ó yẹ kí olùkọ́ ya èéfín sọ́tọ̀ kúrò lára kábọ́ọ̀nù.