Ohùn Ẹni tí ó Jókòó Tì Wá: Àwo Orin Kérésìmesì ti Jim Reeves

Bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, tí ètè àwọn ọmọdé sì ń là, ohùn kan wà tí a máa ń gbọ́ láti ojúlé dé ojúlé ní ilẹ̀ wa. Ẹni tí ó ni ohùn náà kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí, kò sì sí láàyè mọ́. Jim Reeves ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ 31 oṣù Júláì ọdún 1964 ni ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí òun fúnra rẹ̀ ń wà já lulẹ̀ nínú ìjì nítòsí ìlú Nashville ní Amẹ́ríkà. Àwo orin rẹ̀ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, Twelve Songs of Christmas, jáde ní ọdún 1963, èyíinì ni pé Kérésìmesì kan ṣoṣo ni ó rí lẹ́yìn tí ó ti jáde. Àwọn ọmọ tí a bí ní ọdún tí ó kú ti di bàbá àgbà àti ìyá àgbà báyìí, àwọn náà sì ń fi àwo náà sí ẹ̀rọ fún ọmọ ọmọ wọn.

Ìjà kékeré kan máa ń wà lórí àwo yìí láàárín àwọn tí ó fẹ́ràn orin, àwa náà sì ti jà nínú rẹ̀ rí. Apá kan ní ìtìjú ni ó jẹ́ fún àwọn ènìyàn tí ó ní dùndún àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ pé, nígbà tí ọdún bá dé, orin ará oko Amẹ́ríkà nípa òjò dídì ni wọn yóò gbé sórí ẹ̀rọ. Apá kejì ní orin náà dùn, ọ̀rọ̀ sì parí. A kò lè fara mọ́ apá kejì yìí, nítorí pé oyin dùn, àádùn dùn, ẹmu sì dùn, ṣùgbọ́n adùn wọn kò rí bákan náà. Ẹni tí ó bá ní nǹkan dùn kò tíì sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún wa. A kò sì lè fara mọ́ apá kìn-ín-ní tán, nítorí pé a mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí àwa fúnra wa nígbà tí a bá gbọ́ ohùn náà. Ìbéèrè wa ni èyí: kí ni ó wà nínú orin ọkùnrin yìí tí etí Yorùbá fi gbà á bí ẹni pé ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀?

Ọdún 1923 ni a bí i ní Galloway, abúlé kan ní ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Texas. Eré baseball, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi kùmọ̀ gbá, ni ó kọ́kọ́ fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ jẹun. Ìpalára ni ó dá a dúró. Ó wá di ẹni tí ń ṣe ìkéde lórí rédíò, ilé iṣẹ́ rédíò KWKH ní ìlú Shreveport, Louisiana, sì wà lára ibi tí ó ti ṣe é. A fẹ́ kí òǹkàwé fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé a ó padà sí i. Ní ọdún 1953, orin rẹ̀ kan tí a ń pè ní Mexican Joe gba iwájú láàárín àwọn orin kọ́ńtìrì. Bí a bá gbọ́ orin náà lónìí, ohùn òkè ni a ó gbọ́, ohùn ẹni tí ń pe ènìyàn láti òdìkejì oko. Ní ọdún 1957, nígbà tí ó kọ Four Walls, ó ṣe ohun mìíràn: ó sún mọ́ ẹ̀rọ tí ń gba ohùn tó bẹ́ẹ̀ tí ètè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀nà yìí náà ni ó gbà kọ He'll Have to Go, tí ó wà ní ipò kìn-ín-ní láàárín orin kọ́ńtìrì ní Amẹ́ríkà fún ọ̀sẹ̀ 14 ní ọdún 1960.

Chet Atkins, ọ̀gá nínú títa gìtá, ni ó ń ṣe àkóso gbígba orin rẹ̀ sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ RCA Victor ní Nashville. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn tí ó yọ gòjé òyìnbó kúrò nínú orin kọ́ńtìrì, tí wọ́n fi dùùrù pẹ̀lẹ́ àti ẹgbẹ́ akọrin rọ́pò rẹ̀. Àwọn tí ó fẹ́ràn orin náà bí ó ti wà látijọ́ bínú. Lójú wọn, ọbẹ̀ náà kò ní iyọ̀ mọ́. Ẹ̀sùn yìí kì í ṣe irọ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ Hank Williams kí ó tó gbọ́ Reeves yóò mọ̀ pé ohun kan tí ó le tí ó sì korò ti sọnù lójú ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó kù ni ó bá etí wa mu. Reeves kì í kọrin bí ẹni tí ó dúró lórí pèpéle níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ó ń kọ ọ́ bí ẹni tí ó jókòó tì wá lórí àga kan náà. Iṣẹ́ rédíò ti kọ́ ọ pé ẹni tí ń gbọ́ kò rí ojú òun, nítorí náà gbogbo ọ̀rọ̀ níláti jáde ní odindi. Kì í gé ìparí ọ̀rọ̀ jẹ. Kì í fà á gùn ju bí ẹnu ti ń sọ ọ́ lọ. Ibi tí ènìyàn yóò ti mí bí ó bá ń sọ̀rọ̀ lásán ni òun náà ti ń mí. Ìyá kan tí ó ka ìwé mẹ́fà péré lè tẹ̀lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwa Yorùbá kò sì fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú irú èyí. Olórin tí a kò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, bí ohùn rẹ̀ tilẹ̀ dára bí ti ẹyẹ, a ó ní ariwo ni ó ń pa. Onílù pàápàá, ọ̀rọ̀ ni a ń retí lẹ́nu ìlù rẹ̀.

A ó sọ ohun kan níhìn-ín tí ó lè bí àwọn kan nínú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn orin ìsìn tí a túmọ̀ sí èdè wa ní ayé àwọn baba ńlá wa ni a fi sínú ohùn orin òyìnbó láìwo bí ọ̀rọ̀ Yorùbá ti ń gòkè tí ó sì ń sọ̀kalẹ̀. Igbá kì í ṣe ìgbà, ìgbà kì í sì í ṣe igba. Ṣùgbọ́n bí ohùn orin bá fi ipá gbé ọ̀rọ̀ sókè níbi tí ó yẹ kí ó ti lọ sílẹ̀, ọ̀kan a di èkejì lẹ́nu akọrin. A ti ń kọ àwọn orin wọ̀nyí láti kékeré, a sì fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n ìwé orin tí ó wà lọ́wọ́ wa ni ó ń sọ ìtumọ̀ wọn fún wa, kì í ṣe etí wa. Àwọn àgbà kan rí i, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ lórí rẹ̀. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ṣe orin ìsìn sí ohùn tí ó bá èdè mu, ó sì kọ wọ́n sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922. T. K. E. Phillips, atẹdùùrù Kátídírà ti Krístì ní Èkó, tẹ ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde ní ọdún 1953. Ohun tí wọ́n ń jà fún ni pé kí orin má ṣe pa ọ̀rọ̀.

Wàyí o, èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú òkè àti ìsàlẹ̀ tí tiwa ní, nítorí náà ohùn orin kò lè sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ di òmíràn. Síbẹ̀, àwọn tí ń kọrin ní Gẹ̀ẹ́sì tí wọn kì í lọ́ ọ̀rọ̀ po kò pọ̀, Reeves sì wà lára àwọn díẹ̀ náà. Ẹni tí ó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọdún, tí ó ti kọ orin tí ọ̀rọ̀ àti ohùn rẹ̀ ń bá ara wọn jà, tí ó wá jókòó nínú ilé rẹ̀ tí ó sì gbọ́ orin tí ohùn rẹ̀ ń sin ọ̀rọ̀, ara rẹ̀ yóò balẹ̀, bí kò tilẹ̀ mọ ìdí rẹ̀. Ó ṣeni láàánú, ṣùgbọ́n òótọ́ ni: àwọn ilé kan wà ní ilẹ̀ wa tí Gẹ̀ẹ́sì inú àwo yìí yé àwọn ará ibẹ̀ ju Yorùbá inú orin ìsìn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ tán lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwo náà fúnra rẹ̀. Orin 12 ni, mẹ́fà ní ojú kọ̀ọ̀kan, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ó dára. Jingle Bells ni ó ṣíwájú, orin eré orí òjò dídì tí James Pierpont ṣe, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1857, tí kò sì dárúkọ Kérésìmesì rárá. Reeves kò ní ẹsẹ̀ eré; ó dà bí àgbà tí a bẹ̀ pé kí ó bá àwọn ọmọdé sáré. Orin kan wà níbẹ̀ tí ó ń pe orúkọ ọdún náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ ilé ìwé. Òmíràn wà tí ó jẹ́ ijó polka, àkókò rẹ̀ ni àwa fi máa ń lọ bu omi mu.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kan An Old Christmas Card, a kì í dìde. Ọkùnrin kan ni ó ń wo ìwé ìkíni ọdún tí ó ti gbó, èyí tí olólùfẹ́ rẹ̀ fún un ní ìgbà àtijọ́. Kò sí ìtàn mìíràn nínú rẹ̀. Ní àárín orin ni ó dákẹ́ orin, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lásán, tí àwọn akọrin sì ń hùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ohun tí a ti ń wí láti òkè wá ni ó hàn ní ibí yìí: a kì í mọ ìgbà tí ó kúrò nínú orin bọ́ sínú ọ̀rọ̀, nítorí pé kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ onírárà tàbí oníjàálá rí mọ ilẹ̀ tí ó wà láàárín ọ̀rọ̀ àti orin yìí dáadáa. Ibẹ̀ ni àwọn baba wa gbé ń rìn. Ìwé ìkíni náà kò sì ṣàjèjì sí wa. Nínú ilé tí a gbé tọ́ wa, okùn ni a fi ń so wọ́n kọ́ láti igun kan yàrá àlejò dé èkejì: ti ẹni tí ó wà ní Jọ́ọ̀sì, ti ẹni tí ó wà ní Kàdúná tí owó ọkọ̀ kò jẹ́ kí ó wálé. Ìyá wa kì í jẹ́ kí a sọ wọ́n nù lẹ́yìn ọdún. Inú àpótí aṣọ ni ó ń kó wọn sí.

Blue Christmas náà dára. Elvis Presley ti kọ ọ́ ní ọdún 1957, ó sì kọ ọ́ bí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mọ̀ pé àwọn ènìyàn ń wo òun. Reeves kọ ọ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ará ilé kejì mọ̀ pé inú òun bàjẹ́.

Ní ojú kejì ni a ti rí orin ọmọ Màríà, iṣẹ́ Jester Hairston, aláwọ̀ dúdú tí a bí ní North Carolina ní ọdún 1901, tí àwọn òbí rẹ̀ àgbà ti jẹ́ ẹrú. Harry Belafonte ni ó sọ ọ́ di olókìkí ní ọdún 1956. Ẹgbẹ́ Boney M. sì tún un kọ ní ọdún 1978, tiwọn ni àwọn ọmọ wa fi ń jó ní àgbàlá. Ti Reeves kì í ṣe fún ijó. A máa ń gbọ́ ọ kí oúnjẹ tó délẹ̀, nígbà tí òórùn adìẹ díndín ti ń wọlé. Ọmọ ọmọ ẹrú ṣe orin, ará Texas kọ ọ́, ó sì dé yàrá àlejò wa. A kò fẹ́ ṣe àsọdùn pé orin náà ti padà sílé, nítorí pé Hairston kò ṣe é fún wa. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwọn tí ń pe gbogbo àwo náà ní orin òyìnbó mọ èyí.

Ní ti òjò dídì tí wọ́n fi ń bú wa, inú Bíbélì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, a kò sì fi ojú rí i. Òtútù tí a mọ̀ ni ti ọyẹ́, tí ń mú kí a fi òróró pa ara, tí ń fi eruku funfun bo ewé ògẹ̀dẹ̀. Nígbà tí Reeves bá ń kọrin nípa Kérésìmesì funfun, eruku yẹn ni àwa ń rí.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí kò ní dára bí a bá fò ó. Ní ọdún 1960, ní Sharpeville ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa ènìyàn dúdú 69 tí wọ́n ń fi ẹ̀hónú hàn sí òfin ìwé ìrìnnà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Reeves lọ kọrin káàkiri ilẹ̀ náà. Ó tún padà lọ ṣe sinimá kan níbẹ̀, ó sì kọ orin ní èdè Afrikaans, èdè tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n tí ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ kan náà pè ní odindi. Ohun tí ó mú kí a fẹ́ràn rẹ̀ ni ó mú kí àwọn náà fẹ́ràn rẹ̀. Ó pẹ́ kí àwa tó lè gba èyí. A ti rò pé jíjókòó tì wá rẹ̀ jẹ́ àmì inú rere sí wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fi àwo sí ẹ̀rọ ni ó ń jókòó tì. Ọ̀rẹ́ wa kan kò gbọ́ orin rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ tí ó ti mọ̀, a kò sì bá a jiyàn. Àwa ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n a kì í pè é ní ọ̀rẹ́ mọ́.

Silent Night ni ó kẹ́yìn àwo náà, orin tí a kọ́kọ́ kọ ní Oberndorf ní Austria ní ọdún 1818. Kò sí ohun tí Reeves fi kún un. Ó kàn sọ ọ́ ni. Àwo tí ó wà nílé wa ní ọgbẹ́ kan sára ní ibẹ̀, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ a sì máa pe ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, títí bàbá wa yóò fi dìde, tí yóò fi ìka kan ṣoṣo tì í síwájú. Orí ẹ̀rọ tuntun ni a ti ń gbọ́ orin náà báyìí, kò sí ọgbẹ́ níbẹ̀ mọ́. Bí ó bá ti kù díẹ̀ kí ó dé ọ̀rọ̀ náà, a ṣì máa ń yíjú sí àga tí bàbá wa máa ń jókòó sí.