Orúkọ Amarilli lẹ́nu Cecilia Bartoli

Ní ọdún 1992 ni ilé-iṣẹ́ Decca gbé àwo kan jáde, nínú èyí tí Cecilia Bartoli ti kọ àwọn orin àtijọ́ ilẹ̀ Ítálì, tí György Fischer sì fi pianó gbè é. Arie antiche ni wọ́n ń pe irú orin bẹ́ẹ̀: orin ẹnìkan, kúkúrú, tí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Òun ni àwọn olùkọ́ orin sábà máa ń fi sí ẹnu ẹni tí ohùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbó, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ fi kà á sí ìdárayá ọ̀fun lásán. Bartoli kò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á mú «Amarilli, mia bella» ti Giulio Caccini. Ó wà nínú ìwé Le nuove musiche, tí a tẹ̀ ní Florence ní 1602. Ní àkókò náà, orin olóhùn púpọ̀ ló gbòde: ohùn mẹ́rin tàbí márùn-ún a máa kọ ọ̀rọ̀ kan náà, èyí kò tíì parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀, títí etí kò fi ní mọ ohun tí wọ́n ń wí mọ́. Caccini ní ọ̀rọ̀ ni kó ṣáájú, kí ohùn máa tẹ̀lé e. Ó kọ ohùn kan péré fún akọrin, ó fi ohùn ìsàlẹ̀ kan gbé e ró, ó sì kọ nọ́ńbà sí ohùn ìsàlẹ̀ náà kí ẹni tó ń lu ohun èlò lè fúnra rẹ̀ mọ àwọn ohùn tí yóò tò lé e lórí. Ẹni tó ti jókòó gbọ́ Ẹ̀fẹ̀ lóru ní Kétu kò nílò àlàyé púpọ̀. Bí ọ̀rọ̀ kò bá yé àwùjọ, kí ni orin wá ṣe?

Ìtumọ̀ orin náà kò ṣòro. Olólùfẹ́ kan ń fi Amarilli lọ́kàn balẹ̀ pé kò sí ẹlòmíràn. Bí ó bá ń ṣiyèméjì, kí ó mú ọfà, kí ó fi la àyà olólùfẹ́ náà, yóò rí orúkọ ara rẹ̀ tí a kọ sínú ọkàn níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kò sí àlàyé mọ́: orúkọ náà ni akọrin ń pè, tó tún ń pè. Ọmọ Róòmù ni Bartoli, èdè ìyá rẹ̀ ló sì ń kọ. A gbọ́ ọ nínú fáwẹ̀lì tó mọ́ gaara àti nínú kọ́ńsónáǹtì méjì tó wà láàárín orúkọ Amarilli, tí kò sáré kọjá. Kò pariwo. Ohùn rẹ̀ kéré bí ohùn ẹni tó ń bá ẹnìkan ṣoṣo sọ̀rọ̀ nínú yàrá, èémí rẹ̀ sì jẹ́ ara orin náà.

Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé rẹ̀, Caccini ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe ohùn lọ́ṣọ̀ọ́. Ọ̀kan ni esclamazione: akọrin á mú ohùn gígùn kan, á jẹ́ kí ó rọ̀, lẹ́yìn náà á tún fún un lágbára. Èkejì ni trillo, tó yàtọ̀ sí èyí tí ìwé orin òde òní ń pè bẹ́ẹ̀: ohùn kan náà ni ọ̀fun ń tún sọ, díẹ̀díẹ̀ ná, kí ó tó máa yára, láìgòkè, láìsọ̀kalẹ̀. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Èdè Ítálì kì í fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Caccini lè gbé Amarilli gòkè tàbí kí ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, Amarilli ni yóò máa jẹ́. Àwa kò ní irú òmìnira bẹ́ẹ̀. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà, a sì mọ ohun tí etí wa ń rí nínú àwọn orin ìsìn tí a túmọ̀ sí Yorùbá lórí ohùn òyìnbó. Ṣùgbọ́n esclamazione àti trillo kì í yí ìró ohùn padà. Agbára rẹ̀ àti ìyára rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń yí. Akọrin Yorùbá lè lo méjèèjì láìba ọ̀rọ̀ kan jẹ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń gbèrò àtitúmọ̀ orin yìí kọ́kọ́ ro ìyẹn.

Ẹjọ́ tí a ní pẹ̀lú àwo náà ni ti pianó. Fischer mọ iṣẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì rọ̀. Àmọ́ nǹkan bí 1700 ni Cristofori ṣe pianó àkọ́kọ́, ní Florence kan náà, nígbà tí Caccini ti kú tipẹ́. Ohun èlò olókùn ni Caccini fẹ́ lẹ́yìn akọrin, èyí tí ìró rẹ̀ yára kú, tó sì fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀. Pianó a máa dí àyè náà. Alessandro Parisotti, tó kó irú orin wọ̀nyí jọ fún ilé ìtẹ̀wé Ricordi láti 1885, ló sọ àṣà náà di ti gbogbo ayé. Òun náà ni àwọn onímọ̀ gbà lónìí pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun gan-an ló kọ «Se tu m'ami», tí a ti ń pè ní ti Pergolesi láti ọdún yìí wá. Stravinsky pàápàá gbà á bẹ́ẹ̀, ó sì mú un sínú Pulcinella, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Paris ní 1920. Orin náà wà nínú àwo yìí, ó sì dùn. A kò rí ìdí tí a ó fi dín ìfẹ́ wa sí i kù. Kí a má ṣáà fi kọ́ ọmọ kankan bí orin ìgbà Pergolesi ṣe rí.

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ Caccini láìsí pianó, kí ó wá àwo Le nuove musiche tí Montserrat Figueras kọ, níbi tí Hopkinson Smith wà lára àwọn tó ń ta okùn. Kí ó gbọ́ tirẹ̀, kí ó sì padà sí ti Bartoli, ní pàtàkì ibi ìparí tí a ti ń pe orúkọ obìnrin náà.