Òkè: Ọ̀rọ̀ Kan, Ìtumọ̀ Púpọ̀

Ó wọ́pọ̀ kí olùkọ́ sọ fún ọmọ ilé-ìwé pé ilẹ̀ tí ó ga ni òkè, kí ó sì dúró síbẹ̀. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n kò kún tó.

Ní Ọ̀kà-Àkókó, láàárín àpáta, ẹni tí ó ní òun ń lọ sókè lè máa pọ́n òkè ní ti gidi. Ní Èkó tí ilẹ̀ tẹ́jú, àjà kejì ilé ni ó sáábà máa ń jẹ́. Ará Èkó ìgbàanì a sì máa pe àwọn tí ó jìnnà sí etí òkun ní ará òkè. Ibẹ̀ ni a ní aṣọ òkè ti gba orúkọ. Òkè òkun pàápàá kò ga ju etí òkun lọ.

Àwọn kan lè ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ohùn wọn kò yàtọ̀, èrò kan ni ó sì so wọ́n pọ̀: ohun tí ó rékọjá ibi tí asọ̀rọ̀ dúró sí.

Ìtumọ̀ kan tún kù, ààbò. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun Núpé ń jà ní Àkókó, orí òkè ni ọ̀pọ̀ sá sí. Ìbàdàn ń bọ Òkèbàdàn títí di òní. Àwọn Kátólíìkì ń gun Òkè Màríà ní Ọ̀kà lọ gbàdúrà.

Olùkọ́ Ìkàrẹ́ tí ó fi ìtumọ̀ kan ṣoṣo kọ́ ọmọ ti fi ìtàn ìlú náà dù ú. Kí ó kọ́kọ́ nawọ́ sí òkè tí ó yí wọn ká, kí ó tó ṣí ìwé.