Àyè àti Àkókò Nínú Ìmọ̀ Físíìsì: Ohun tí 'Mi Ò Ráyè' Kò Lè Sọ

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1908, ní ìlú Köln ní Jámánì, Hermann Minkowski sọ fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì pé yíya àyè sọ́tọ̀ kúrò lára àkókò ti kásẹ̀ ńlẹ̀. Inú iṣẹ́ tí Albert Einstein, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ ní Zürich, gbé jáde lọ́dún 1905 ni èrò náà ti sú yọ.

Ó rọrùn fún ẹni tó gbọ́ Yorùbá láti sọ pé èyí kì í ṣe tuntun. Ẹni tí kò ní àkókò a ní òun kò ráyè. Iwájú ló wà nínú 'ọjọ́ iwájú', ẹ̀yìn ló sì wà nínú 'lẹ́yìn náà'. Láyé ìfẹsẹ̀rìn, ọjọ́ ni wọ́n fi ń wọn ọ̀nà: ìrìn ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ẹ̀rí wọ̀nyí dùn létí, ṣùgbọ́n ẹrù tí wọ́n ń dì lé wọn lórí ti pọ̀ jù. Èdè Minkowski fúnra rẹ̀ ní Zeitraum, ọ̀rọ̀ tó so àkókò àti àyè pọ̀ láti dárúkọ sáà kan. Kò kọ́ ará Jámánì kankan ní físíìsì.

Ìwọ̀n gan-an ni ìyàtọ̀ wà. Ìrìn ọjọ́ mẹ́ta arúgbó kì í ṣe ti géńdé. Eré ìmọ́lẹ̀ nínú òfìfo ni Minkowski fi ṣe ìwọ̀n tirẹ̀: mítà 299,792,458 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bákan náà fún ẹni tó jókòó àti ẹni tó ń sáré. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìròpọ̀ ló fi so méjèèjì. Eré ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ àkókò tó wà láàárín ìṣẹ̀lẹ̀ méjì di ọ̀nà. Wọ́n á fi iye náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀nà tó wà láàárín wọn, wọ́n á sì yọ ti ọ̀nà kúrò nínú ti àkókò. Àṣẹ́kù yẹn ni gbogbo òǹwòran yóò fẹnu kò lé lórí, bí àkókò àti ọ̀nà tí oníkálukú wọ̀n tilẹ̀ yàtọ̀. Àyọkúrò yìí ni kò jẹ́ kí àkókò di oríṣi àyè mìíràn lásán. Òun ló ń pààlà sáàárín ohun tó lè fa òmíràn àti ohun tí kò lè fà á.

Ẹ wo muon, ohun tíntìntín tó máa ń wáyé ní nǹkan bíi kìlómítà 15 lókè. Ní ìpíndọ́gba, ìdá mílíọ̀nù 2.2 ìṣẹ́jú àáyá ló ń lò láyé. Kò yẹ kó rìn ju nǹkan bíi mítà 660 lọ. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn ń dé ilẹ̀. Lójú ẹni tó dúró nílẹ̀, aago muon ló ń falẹ̀. Ní ti muon, ọ̀nà ló kúrú. Ìtàn méjì, ìdélẹ̀ kan.

Nítorí náà, 'àyè òun àkókò' kò tó ní orúkọ. Bí iṣu òun ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀ kan ló rí. 'Àyèkókò' sàn díẹ̀, bí òǹtẹ̀wé bá lè fi àmì ohùn sí i kí wọ́n má baà kà á sí ayé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kankan nínú méjèèjì kò fi àyọkúrò náà hàn, ojúṣe ẹni tó bá lò ó sì ni láti ṣàlàyé rẹ̀.